Mo Wa Go-kart Lẹ́yìn Tí Mo Ti Lé Lógójì Ọdún

Mo fẹ́ràn kọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹni tó mọ̀ mí lẹ́nu, nítorí pé ńṣe ni mo máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ bí a bá ti kúrò ní Iléṣà tí a ń gòkè bọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè á wà lápá kan, ọ̀gbun á wà lápá kejì, ọ̀nà á yí sọ́tùn-ún, kí èèyàn tó mí kanlẹ̀ ó ti tún yí sósì. Láti kékeré ni mo ti ń gba ibẹ̀. Bí mo bá dijú, mo lè fi bí ara mi ṣe ń fì mọ̀ pé a ti ń sún mọ́ Arámọkọ, pé ó ku Ìgèdè àti Ìyìn kí a tó wọ Adó. Ara mi mọ àwọn kọ́nà náà dáadáa, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ wọ́n. Mo ń wakọ̀ láàrin ìgboro lóòótọ́, mo ń ti Bàsírì lọ sí Ajílósùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá ti jìn, ọkọ mi ló máa ń di sítíárìn mú. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá máa wo ọ̀nà.

Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ mi náà wá mọ kọ́nà ni go-kart, ọkọ̀ kékeré tó mọ níwọ̀n ìjókòó ẹnì kan, tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá lónìí. Mo gbà pé irú eré bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àgbàlagbà, ó tọ́ sí obìnrin, ó sì yẹ kó ní ibi tó máa fìdí kalẹ̀ sí nílẹ̀ Èkìtì wa.

Lásìkò ọdún Kérésìmesì ni àwọn ọ̀dọ́ kan kó o wá sí Adó. Wọ́n gba ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n ti da kọnkéré sí, wọ́n to àlòkù táyà lé ara wọn, wọ́n kun àwọn kan ní funfun, wọ́n kun àwọn mìíràn ní pupa, ó wá di ojú ọ̀nà tó lọ́, tó tún wọ́, tó sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kò ju iye tí èèyàn méjì máa fi jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ní búkà tó dára. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ló ní kí n sin òun lọ. Ìran ni mo rò pé mo fẹ́ wò. Kí n tó mọ̀, ó ti sanwó fún èèyàn méjì.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yin ló kàn lẹ́yìn àwọn wọ̀nyẹn.”

Ìyá kan tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ìyá ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré wọn.” Kò fi ibi sọ ọ́. Ojú àánú ló fi wò mí, ó sì fún mi ní ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Nítorí pé àgbàlagbà ń ṣeré nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ sábẹ́ igi nírọ̀lẹ́, ẹ ó bá àwọn bàbá nídìí ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu gún ara wọn lára tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn mẹkáníìkì ń ta dráàfù lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́. Àwa obìnrin ń jó lóde ìnáwó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọmọdé ni wá nígbà náà. Eré tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ni èyí tó ń dẹ́rù ba ara díẹ̀, tí ọkàn á máa lù kìkì, tí ojú àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ yá. Ọkùnrin ṣì lè rí tirẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù tàbí lórí ọ̀kadà. Obìnrin tó bá ti bímọ, wọ́n á ní ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ara tí a fi ń ṣe làálàá lójoojúmọ́ yìí náà ni ara tó yẹ kó gbádùn, ọjọ́ orí kò sì mú ìfẹ́ eré sísá kúrò nínú ẹni. Ó kàn ń jẹ́ kí ojú máa ti èèyàn láti sọ ọ́ jáde ni.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni go-kart, ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1956, ní California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Art Ingels, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kurtis Kraft níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ eré-ìje, jó páìpù irin pọ̀, ó gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko kà á lẹ́yìn, ó fi táyà kéékèèké mẹ́rin sí i, ó sì jókòó lé e. Kò ṣe é fún ọmọ kankan. Àgbàlagbà ni òun fúnra rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní pápá ìṣeré Rose Bowl ní ìlú Pasadena ló sì ti ń gùn ún. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ irú rẹ̀, láìpẹ́ àwọn kan ti ń ṣe é tà. Nígbà tó fi máa di 1962, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré-ìje ọkọ̀ ti yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa bójú tó go-kart nìkan.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé bọ́ sí i, tí ó wá di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ di awakọ̀ ńlá. Ọmọ ọdún 4 ni Ayrton Senna ará Brazil nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣe kart àkọ́kọ́ fún un, ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń gé koríko ló wà lẹ́yìn tirẹ̀ náà. Ọmọ ọdún 4 ni Michael Schumacher, bàbá tirẹ̀ wá di alábòójútó pápá kart ní Kerpen nílẹ̀ Jámánì. Lewis Hamilton bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 8. Schumacher àti Hamilton gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Formula 1, ìdíje ọkọ̀ eré-ìje tó ga jù lágbàáyé, nígbà 7 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, Senna gbà á nígbà 3. Inú mi dùn sí ìtàn wọn, ṣùgbọ́n ti Ingels ló wọ̀ mí lára jù, ẹni tó ti dàgbà, tó ṣe ohun ìṣeré fún ara rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí n tó jókòó, obìnrin kan lára àwọn tó ni ibẹ̀ ní kí n tú gèlè mi, kí n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, kí n sì wá ohun tó máa rọ́pò ìró tí mo ró. Ọmọ àbúrò mi yọ ṣòkòtò ìdárayá kan nínú báàgì rẹ̀, mo lọ wọ̀ ọ́. Ẹ má ka ìyẹn sí ìyọnu. Ní ọdún 1927, ní ìlú Nice nílẹ̀ Faransé, ìbọrùn gígùn tí Isadora Duncan, gbajúmọ̀ oníjó nì, wé mọ́ ọrùn há sínú táyà ọkọ̀ tó jókòó sí, ibẹ̀ ló sì gbà kú. Táyà go-kart wà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ẹni, ṣéènì sì ń yí lẹ́yìn. Aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ pẹlẹbẹ kan láti fi bo irun, wọ́n wá dé akoto lé e, wọ́n so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n mi. Bí wọ́n ti dé e báyìí, ariwo ayé lọ sẹ́yìn, mo ń gbọ́ èémí ara mi.

Kart náà rẹlẹ̀. Kò ju ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta lọ láàrin ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀. Ike líle ni ìjókòó rẹ̀, ó gbá mi mú ní ìbàdí bí ọmọ tí wọ́n pọn. Sítíárìn kékeré wà láàrin orúnkún mi méjèèjì, àwọ̀ rẹ̀ ti bó níbi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti máa ń dì í mú. Lápá ọ̀tún lẹ́yìn ìgúnpá mi ni ẹ́ńjìnì wà, irú ẹ́ńjìnì kékeré tí a mọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ àti nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ṣéènì jáde láti ara rẹ̀, ó lọ mú irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Wọ́n fi wáyà so pátákó irin kékeré kan mọ́ ẹnu páìpù èéfín kó má baà jó ẹni. Nígbà tí wọ́n fa okùn, tí ó sì dáhùn, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbọ̀n náà gba ọwọ́ mi gòkè dé èjìká, òórùn bẹntiróòlù àti ti rọ́bà gbígbóná sì kún inú akoto.

Kò ní jíà. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti eré, ẹsẹ̀ òsì ni ti búréèkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà lóṣòó tì mí kí n lè máa gbọ́ ọ.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ méjèèjì pa pọ̀ o. Bí ẹ bá ń tẹ eré, tí ẹ tún ń di búréèkì mú, kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ á jó.”

Kílọ́ọ̀ṣì kart ń mú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí kánkán. Kò sì ní ṣọ́kì, kò ní sípíríǹgì. Páìpù irin tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ díẹ̀, tó ń padà. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà bá gùn, eegun ẹ̀yìn ẹni á gbọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó fò síwájú. Eré tó pọ̀ jù tó lè sá kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ. Mo ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ láìronú kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbá láyà, tí kọnkéré ń sá lọ lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé eré náà kéré. Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Ọmọ àbúrò mi ní èdè Adó ni mo fi sọ ọ́, èyí tí kò gbọ́ lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀.

Kọ́nà wá dé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Bí ọkọ̀ bá ń yí, táyà tó wà lápá òde kọ́nà máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Nínú ọkọ̀ tí a ń gbé lọ sọ́jà, irin oníjíà kan wà tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì yí ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba. Go-kart kò ní in. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn pọ̀, iye tí ọ̀kan bá yí ni èkejì á yí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀nà tààrà ni kart máa ń fẹ́ gbà. Ohun tó ń mú un gbà láti yí ni bí wọ́n ṣe to iwájú rẹ̀: bí a bá yí sítíárìn, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú kọ́nà á fúyẹ́, á gbé díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ti òde á gba ẹrù náà. Mo ti mọ èyí nínú ìwé kí n tó lọ. Mímọ̀ ọ́n lábẹ́ ìbàdí ẹni yàtọ̀ pátápátá. Apá kan ìjókòó mi lọ sókè díẹ̀, gbogbo ara mi fì sí òde, imú kart sì wọlé síbi tí mo ń wò gan-an.

Síbi tí mo ń wò. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tẹnu mọ́ jù ni pé, “Mà, ẹ má wo àwọn táyà wọ̀nyẹn. Ibi tí ojú yín bá wà ni kart máa lọ. Ẹ wo ibi tí kọ́nà ti parí.” Ó tún ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ òde wọ̀ ọ́, kí n sún mọ́ táyà inú ní àárín rẹ̀, kí n sì jẹ́ kí kart gbé ara rẹ̀ padà sí òde bí mo bá ń jáde, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kọ́nà tó mú á ṣe dà bíi pé ó là. Búréèkì ni ti orí ìlà tààrà, kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti là lójú, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wọlé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo rọra lọ síbi tó yẹ kí n ti rọra lọ, mo sì rí i pé mo ń jáde nínú kọ́nà pẹ̀lú eré ju àwọn tó sáré wọ̀ ọ́ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó sáré wọ̀ ọ́ wà níwájú mi, ọmọkùnrin kan tó ti ń yájú sí gbogbo wa látìgbà tí a ti tò. Àárín kọ́nà ló ti rántí búréèkì. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni búréèkì kart wọ̀nyẹn ń mú. Bí wọ́n bá mú un lójijì níbi tí ọkọ̀ ti ń yí, ẹ̀yìn á yọ̀. Tirẹ̀ yọ̀, ó yí po, ó kọjú sí mi. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé àsíá yẹ́lò sókè, a rọra, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó farapa, wọ́n tún un dà síwájú. Mo nífẹ̀ẹ́ ètò yẹn. Yẹ́lò: ewu wà níwájú, ẹ rọra. Búlúù: ẹni tó yára jù ọ́ lọ wà lẹ́yìn, yà fún un. Pupa: gbogbo yín, ẹ dúró. Kò sẹ́ni tó ń fọn fèrè, kò sẹ́ni tó ń bú ìyá ẹnikẹ́ni. Ṣé a ò lè mú díẹ̀ nínú ìwà yẹn lọ sí ìkóríta Fájuyì?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn awakọ̀ àgbà tó ń gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Tẹ́lẹ̀, bí awakọ̀ bá ti tẹ búréèkì nígbà tí kọ́nà ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń rò pé ẹ̀rù ń bà á ni. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ ló mọ̀. Ó ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú eré rẹ̀ kí ọ̀nà tó yí, ó wá ń fi ọwọ́ àti ojú nìkan bá kọ́nà náà sọ̀rọ̀. Èyí tó bá sì ń tẹ búréèkì nínú kọ́nà gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ ń bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ má mú eré inú pápá lọ sí ojú pópó o. Mo ń fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Kart rẹlẹ̀, ó fẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá kọjá agbára rẹ̀, á yọ̀, á yí, á dúró. Bọ́ọ̀sì tó gbé èèyàn méjìdínlógún, tí wọ́n di ẹrù iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé lórí, ìwúwo rẹ̀ wà lókè. Òun kì í yọ̀, dídojúdé ló ń dojú dé. Nínú pápá, kò sí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì, kò sí ọmọ tó ń kiri omi tútù, kò sí ewúrẹ́. Táyà tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń gba ẹni dúró. Ní Ẹ̀fọ̀n, ọ̀gbun ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí pápá wà. Ẹni tí ìfẹ́ eré bá ń jó nínú, kó ní ibi tó máa lọ gbé e sọ̀ sí, kó sì sanwó rẹ̀, kó dé akoto. Láti ọdún 1988 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti wà ní Nàìjíríà, wọ́n ń kìlọ̀, wọ́n ń mú èèyàn. Ìkìlọ̀ dára. Kí ọ̀dọ́ tún mọ̀ ọ́n lára bí táyà ṣe ń yọ̀, níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà dára.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi kò ṣe é nà. Sítíárìn kart kò ní ẹ̀rọ tó ń bá ọwọ́ gbé e, agbára apá lásán ni. Lọ́jọ́ kejì, mi ò lè gún iyán, ọkọ mi ló gún un, ó sì gún un dáadáa. Àyà mi ṣì ń lù títí mo fi sùn lálẹ́ àkọ́kọ́, inú mi sì ń dùn lọ́nà tí mi ò rántí pé mo ti rí i láìpẹ́ yìí. Mo kan sáré, mo kan yí, mo kan ṣe nǹkan tó ṣòro, ara mi sì gbà á.

Àwọn obìnrin kan ti bi mí bóyá eré yìí kì í ṣe ti ọkùnrin. Ní ọdún 1975, Lella Lombardi ará Ítálì wa Formula 1 ní Spéìn, ó sì gba ìdajì máàkì. Títí di òní, òun nìkan ni obìnrin tó gba máàkì nínú ìdíje àgbáyé náà. Desiré Wilson, ọmọ South Africa, wa ọkọ̀ Formula 1 borí àwọn ọkùnrin ní pápá Brands Hatch ní 1980, nínú ìdíje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ará Áfíríkà bíi tiwa ni. Ẹ dákun, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin yín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ní Èkó, ní Àbújá, tàbí níbikíbi tí ẹ bá ti rí i: ẹ wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹsẹ̀ lè mọ ohun tó ń tẹ̀. Ẹ di irun mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ iyán kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá dé. Bí akoto bá ń yí lórí yín, ẹ gba òmíràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn. Ẹ dé láàárọ̀, kí oòrùn tó mú kọnkéré gbóná.

Sí àwọn ọ̀dọ́ tó kó o wá sí Adó: mo ti sọ fún yín lójúkojú, mo tún ń sọ ọ́ níhìn-ín. Ẹ má dúró de ọdún Kérésìmesì. Ẹ ya òwúrọ̀ Sátidé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti lé lógójì ọdún, kí ẹ fi obìnrin kan sídìí akoto àti aṣọ bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ kọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀ lé e. Ó ti ra ṣòkòtò.